Yíyi kì í ṣe líle: ọ̀rọ̀ lórí eyín sìrìkóníà

Mo tún kà á lọ́sẹ̀ yìí, nínú àlàyé kan fún àwọn tó fẹ́ ri eyín tuntun mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́: "líle sìrìkóníà ni kì í jẹ́ kó fọ́." (Sìrìkóníà ni ohun funfun bíi tánganran tí wọ́n fi ń ṣe irú eyín bẹ́ẹ̀.) Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ tó bá a mu ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ohun tó le ni ohun tó ṣòro láti ha. Àwo tánganran le. Ẹ jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín sórí sìmẹ́ńtì, kí ẹ wo ibi tí líle rẹ̀ gbé e dé. Àlùmínà, ohun mìíràn tó jọ tánganran, le ju sìrìkóníà lọ dáadáa, síbẹ̀ àwọn eyín àlùmínà tí wọ́n ń rì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní Tübingen, Jámánì, láti bí ọdún 1975 lọ, kíkán ló kó bá wọn.

Ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan tètè fọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní toughness, yíyi ni mo ń pè é. Ẹni tó bá ti jẹ pọ̀nmọ́ tí kò jiná rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹran yi, okùn yi: a fà á títí, kò já. Bí sísán kékeré bá ti wà lára nǹkan, báwo la ṣe máa fi ìyà jẹ ẹ́ tó kí sísán náà tó sáré là á já? Ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an nìyẹn.

Àwọn kan ń kọ "agbára àìlèfọ́". Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Kò sì sí ohun tí kò lè fọ́. Àwọn mìíràn ní "okun", ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí lokun. Okun inú la fi ń gbé tìta. Ẹnì kan ní yíyi á dàrú mọ́ yíyí, bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí. Kí wá ni iṣẹ́ àmì ohùn? Ẹni tó kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ló da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ má sì pe sìrìkóníà ní "amọ̀ sísun" mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí amọ̀ nínú rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń yi? Ẹ wo danfo tí èrò mẹ́rin fún pọ̀ sórí ìjókòó kan, tí gbogbo wọn ká èjìká jọ. Ẹni karùn-ún wá ń fi ìdí wá ààyè. Bí àlàfo ṣe yọ báyìí, kíá, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na èjìká, ààyè pa dé. Yttria díẹ̀, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ ọn (3 nínú 100, bí a bá fi mọ́lù àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì kà á), ló ń mú kí hóró sìrìkóníà lè ká ara jọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí sísán bá kàn án, hóró náà á pa ìrísí dà, á fi bí 4 nínú 100 wú sí i, á sì fún sísán náà pa. Garvie, Hannink àti Pascoe, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1975, irin ni wọ́n sì fi í wé. Wọn ò fi í wé dáyámọ́ńdì tó le jù.

Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti máa pariwo 900 MPa tàbí 1200. Ìwọ̀n agbára tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe yíyi. Ní ti yíyi, tánganran lásán wà nítòsí 1 MPa√m (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn yíyi), àlùmínà 3 sí 4, sìrìkóníà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Àdàlù títáníọ̀mù ju 50 lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí dókítà eyín máa fi ẹ̀rọ rin ọrùn eyín sìrìkóníà lẹ́nu aláìsàn: sísán ló ń gbìn síbẹ̀.

Ọ̀tá kejì fún sìrìkóníà ni omi. Ọ̀rinrin máa ń mú kí àwọn hóró ojú rẹ̀ wú láìsí sísán kankan, bí ìgbà tí èrò ti na èjìká kí ẹni karùn-ún tó dé. Ojú rẹ̀ á di háráhárá, á máa sán wẹ́wẹ́. "Dídógùn-ún" ni àwọn kan ń pè é, àmọ́ irin ló ń dógùn-ún. Gbígbó ni tèmi, bí aṣọ ṣe ń gbó.