Bátìrì AA nínú kámẹ́rà: kí ló dé tí tuntun fi ń kú lójú ẹsẹ̀?

Kámẹ́rà dígítà ayé ìgbà kan ti tún padà dé. Ìròyìn gbé e pé àwọn ọ̀dọ́ ń wá a kiri. Àwọn tó ra tòkunbọ̀ n'Íbàdàn, pàápàá èyí tó ń lo bátìrì AA méjì, wá ń béèrè ohun kan náà.

Mo ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, mo ya fọ́tò mẹ́fà, kámẹ́rà ní ó ti tán. Mo gbé e sí aago ògiri, aago ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń purọ́?

Kò sẹ́ni tó ń purọ́. Aago ń tọ́ iná lá ni. Kámẹ́rà ń dà á sọ́fun. Bí lẹ́ńsì bá ń yọ jáde, tàbí tí fíláàṣì ń gba agbára, ó lè fa tó ámpíà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì yẹpẹrẹ dà bíi kẹ́ẹ̀gì tó kún àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ há: omi wà nínú rẹ̀, kò kàn lè ya jáde ni. Fóltéèjì á já wálẹ̀ láti 1.5, kámẹ́rà á rò pé ó ti gbẹ, á pa ara rẹ̀, nígbà mìíràn tòun ti lẹ́ńsì níta. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè tún rí fọ́tò kan yà. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ "heavy duty" sí ló burú jù; iṣẹ́ wúwo tí wọ́n ń wí, rìmóòtù ni. Èyí tí wọ́n kọ "alkaline" sí sàn jù ú lọ, àmọ́ òun náà kì í bá kámẹ́rà jìnnà.

Èwo ni kí n wá rà?

NiMH, irú bátìrì AA tó ṣeé ṣáàjì, 1900 sí 2500 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú). Bí ẹ bá rí "low self-discharge" lára páálí, ẹ mú un: irú wọn kì í tètè gbẹ fúnra wọn nínú àpò.

Ṣebí 1.2 ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe 1.5?

Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni alkaline fi ń jẹ́ 1.5. NiMH á dúró sí nǹkan bíi 1.2 títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí kámẹ́rà yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan irú bátìrì, ẹ yan NiMH, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa pariwo "ó ti tán" kó tó tán.

Wọ́n fi 9800 mAh hàn mí ní Ògùnpa.

Yíǹkì nìkan ni wọ́n ná. NiMH AA gidi kì í tó 3000. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ojúlówó á wọn nǹkan bíi gíráàmù 26 sí 30. Bó bá fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, ẹ dá a padà. Tó bá jẹ́ mWh ni wọ́n kọ dípò mAh, tó sì ní ihò USB, ẹ fi fóltì rẹ̀, 1.5, pín in: 3000 mWh, 2000 mAh péré ni.

Èyí tí wọ́n kọ 14500 sí ńkọ́? Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí.

Ẹ yọ ọ́ kíá! Bátìrì lithium tó kàn tóbi bí AA ni, fóltì 3.7 ni ẹyọ kan. Méjì á rọ 7.4 sínú kámẹ́rà tó ń retí 3, ó sì lè jó inú rẹ̀.

Ṣé mo lè ṣáàjì alkaline?

Rárá. Á jò, tàbí kó bẹ́.

Ó ti jò sínú kámẹ́rà mi, ó hu nǹkan funfun.

Ẹ yọ bátìrì, ẹ má fọwọ́ kan ojú. Ẹ fi òwú tí ẹ tẹ̀ bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ nu irin tí bátìrì ń kàn nínú kámẹ́rà, ẹ fi omi díẹ̀ nù ún tẹ̀ lé e, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Iná tó ń ṣe ségesège yìí, ṣé kò ní ba NiMH jẹ́?

Ṣájà ló yẹ kí ẹ fura sí. Olówó pọ́ọ́kú tó ń ka wákàtí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbàkígbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, bátìrì á sì gbóná ju bó ṣe yẹ. Ẹ ra èyí tó ń dá dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kún. Bó bá ń fún un ní 500 mA, 2000 mAh á gbà tó wákàtí márùn-ún. Ẹ ra mẹ́rin, kí ẹ fi báírò kọ A sára méjì, B sára méjì yòókù, kí A má bàa bá B wọ kámẹ́rà kan náà.