"Ìjọba wo?": Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ń jókòó sí, nítòsí géètì gúúsù FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ tí oníbàárà mi kan ti rí ìkéde lórí fóònù rẹ̀ pé jọ́nà kan (ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde) tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń darí ń wá àròkọ àti ìwádìí lórí ètò ìjọba, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ n gbádùn mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó." Ọdún 11 ni mo ti ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì, mo sì ti bá àwọn kan tún tiwọn ṣe títí jọ́nà fi gbà á. Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ló máa sọ pé tèmi ò dáa?

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Harvard ti ń ṣe jọ́nà tiwọn láti 1887, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ń kó iṣẹ́ wá síwájú wọn, tí wọ́n ń dúró de èsì. Ní 1990 ni wọ́n fi Barack Obama ṣe olórí ibẹ̀, kò tíì jáde ilé ìwé nígbà yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Princeton náà ní èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ètò ìjọba àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Nǹkan méjì ni kí o fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, ẹni tó máa kọ́kọ́ ka iṣẹ́ rẹ lè ní ìdánwò tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Aago 11 alẹ́ lè lù kó tó ráyè ṣí i. Tí o bá fi ojú ìwé mẹ́ta kí i kó tó mọ ohun tí o fẹ́ sọ, oorun á ti gbé e lọ. Èkejì, àwọn olóòtú yìí ń parí ẹ̀kọ́, wọ́n ń lọ. Tí ọdún ẹ̀kọ́ bá yí, ímeèlì rẹ lè sọnù sáàárín ẹni tó ń kó jáde àti ẹni tó ń kó wọlé. Tó bá pé oṣù méjì tí o ò gbọ́ nǹkan kan, kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o béèrè. Kò sí ẹni tó máa bínú sí ọ.

Ṣé mo lè fi pírójẹ́ẹ̀tì mi ránṣẹ́ bó ṣe wà yẹn?

Ó ku díẹ̀ káàtó. Kì í ṣe pé pírójẹ́ẹ̀tì rẹ burú o. Ẹni tí o kọ ọ́ fún ló yàtọ̀. Torí kí olùkọ́ rẹ lè mọ̀ pé o ti kàwé lo ṣe kọ orí kìn-ín-ní dé orí karùn-ún. Jọ́nà ètò ìjọba ò bìkítà bóyá o kàwé. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó yẹ kó ṣe nǹkan, nǹkan tó yẹ kó ṣe, agbára tó ní láti ṣe é, àti ibi tí owó rẹ̀ máa ti wá.

Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá, ó dá lórí àkúnya omi Odò Àlà, odò tó gba inú Àkúrẹ́ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rin bèbè odò náà. Àwọn àwòrán tó yà dáa púpọ̀: ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó dí ojú gọ́tà abẹ́ afárá pa, ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi, ilà ẹrẹ̀ lára ògiri yàrá kan, ó ga dé ìbàdí èèyàn. Iṣẹ́ gidi. Àmọ́ ojú ìwé mẹ́sàn-án ló fi ṣàlàyé ohun tí àkúnya omi ń jẹ́, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ó kó gbogbo àwòrán yẹn sẹ́yìn pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní dé. Ìmọ̀ràn tó fi kádìí rẹ̀ ni pé kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i, kí ará ìlú sì jáwọ́ nínú dída ìdọ̀tí sódò.

Mo bi í pé, "Ìjọba wo?" Ó kàn ń wò mí ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀ (Fourth Schedule), sọ pé ṣíṣe gọ́tà àti títún un ṣe, pẹ̀lú kíkó ìdọ̀tí, wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ilé iṣẹ́ tiẹ̀ tó ń bójú tó ìdọ̀tí. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ta wá ni kí a bi léèrè nípa ilé tó jókòó sí bèbè odò? Tún wò ó: ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ gómìnà mọ́. Ṣé ẹni tí òfin gbé gọ́tà lé lọ́wọ́ wá ti rí owó tó máa fi kó o? Níbi tí alága ti ń nawọ́ sí gómìnà, tí gómìnà náà ń nawọ́ sí alága, ibẹ̀ gan-an ni àròkọ wà. Ọmọ yìí sì ti rìn kọjá ibẹ̀ láì dúró.

A jókòó tì í fún Sátidé méjì. Ilà ẹrẹ̀ ara ògiri yẹn ni a fi bẹ̀rẹ̀, ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ohun tí òfin sọ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tí ojú rẹ̀ rí. Gbogbo "kí ìjọba, kí ará ìlú" yẹn, a gé e dànù, a fi ìmọ̀ràn kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀: kí ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ kọ gbogbo gọ́tà abẹ́ afárá tó wà lórí odò náà sílẹ̀, kí wọ́n kó wọn kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ ìwé rẹ̀ síta kí ará àdúgbò lè rí èyí tí wọn ò tíì kó. Ojú ìwé 64 di 11. Ojú ọmọ náà pọ́n, àfi bí ẹni tí wọ́n gé oko rẹ̀. Jọ́nà gbà á.

Níbo ni mo ti máa rí iye owó tí ìjọba ná? Wọn kì í dá èèyàn lóhùn ní ọ́fíìsì.

Kọ lẹ́tà. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dá ọ lóhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un nígbà míì. Kò pọn dandan kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Tí wọ́n bá ní òfin àpapọ̀ ni, pé kò kan ìpínlẹ̀, rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa níbí: ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀ka Àkúrẹ́ dájọ́ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Àkọsílẹ̀ owó Ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an ni ẹjọ́ náà sì dá lé. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà fi ọwọ́ sí irú rẹ̀ ní 2025.

Ṣe lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Bí o bá dé Alágbàka, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, fún akọ̀wé ní ọ̀kan, kó lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sára èkejì, kí o mú un lọ sílé. Bí wọn ò bá dáhùn rárá, ẹ̀dà tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ yẹn lè wọ inú àròkọ rẹ: o béèrè lọ́jọ́ báyìí, ọjọ́ báyìí kọjá, wọn ò fọhùn. Ìwádìí ni ìyẹn náà.

Tó bá jẹ́ èèyàn lo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, bí àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba, sọ ohun tí o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe fún wọn kí o tó tan fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ìyá bá ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun jáde, má fi í síbẹ̀, má sì ṣàpèjúwe ìsọ̀ rẹ̀ débi tí aládùúgbò á fi dá a mọ̀.

Ṣé mo lè fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì pa pọ̀?

Jọ́nà òfin ní Amẹ́ríkà gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ò gbà. Ka ìlànà wọn, kí o sì ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀ náà.

Wọ́n ní kí orúkọ mi má hàn. Mo ti yọ ọ́ kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, ṣé ó tán?

Kò tán o. Èmi tí mò ń tẹ iṣẹ́ ni kí o bi. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń kà á má mọ ẹni tó kọ ọ́, kó má baà ṣe ojúsàájú. Fáìlì Word sì máa ń fi orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà pa mọ́ sínú. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ mi, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ló máa wà níbẹ̀. Olóòtú kan kọ̀wé pa dà sí oníbàárà mi kan lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn rí orúkọ òǹkọ̀wé, kí ló dé tó ń jẹ́ "Systems 4"? Lọ sí File, kí o tẹ Info, lẹ́yìn náà Check for Issues, Inspect Document wà níbẹ̀, á bá ọ fọ̀ ọ́ mọ́. Wo inú ìtọ́kasí náà. "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ nínú pírójẹ́ẹ̀tì mi" ti tú àṣírí rẹ.

Wọ́n ní kí n san owó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ tó dáńtọ́ kì í sábà gba kọ́bọ̀. Wo èyí tó ń béèrè owó dáadáa.

Èmi àti ẹnì kan jọ san naira 25,000 fún ọ̀kan rí. N ò ní dárúkọ wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní àwọn ti gbà á, pé èèyàn méjì ti kà á fínnífínní. Ojú ìwé 20, lọ́jọ́ kan! Inú wa dùn ṣá. Nígbà tó jáde, ojú ìwé kẹrin wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣi orúkọ ẹnì kejì mi kọ, kò sì sí ẹni tó dáhùn ímeèlì wa mọ́. Wọ́n ní ISSN, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 8 tí wọ́n fi ń dá jọ́nà mọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi mú wa. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ lásán ni, bí nọ́ńbà ọkọ̀. Kò sọ bóyá awakọ̀ mọ ọkọ̀ wà.

ChatGPT tó ń báni kọ̀wé yẹn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ jọ́nà ti ń ní kí o sọ ọ́ tí o bá lò ó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìtọ́kasí. Ó máa ń hun àkọlé ìwé tí kò sí níbì kankan, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún, kó sì dún gidi létí. Ìwé tí o ò fi ojú ara rẹ rí, má tọ́ka sí i.

Wọ́n dá a pa dà pẹ̀lú àtúnṣe jàn-ànràn. Ṣé wọ́n ti kọ̀ ọ́ nìyẹn?

Rárá! Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìlà méjì ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Ẹni tó jókòó kọ ojú ìwé mẹ́ta àtúnṣe sí ọ fẹ́ kó jáde. Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí o tó fèsì, pàápàá sí èyí tó bá dùn ọ́. Lẹ́yìn náà, ya tábìlì: ohun tí wọ́n sọ sí apá òsì, ohun tí o ṣe sí i sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú ojú ìwé tó wà. Èyí tí o ò bá fara mọ́, o lè sọ pé o ò ṣe é, kí o sì sọ ìdí. Ọmọ Odò Àlà yẹn ò ṣe méjì nínú àtúnṣe tí wọ́n ní kó ṣe, wọ́n sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo máa ń tẹ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Ojú ìwé méjì ni, kò wọ́n.