Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Ka Ìtàn Ìkẹ́rẹ́

Bàtà tó ṣe é rìn, omi mímu, fìlà nítorí oòrùn: àgbà kì í kọ́ àgbà nírú ìyẹn. Ohun tó yẹ ká tú wò ni ọgbọ́n tí afinimọ̀nà tó ń kó àlejò fẹsẹ̀ rìn ká Ìkẹ́rẹ́, ìlú kan ní Èkìtì, ń dá tí ìjọba tó ti kọjá lọ fi ń yọjú láàárín ìlú tí ọlọ́kadà ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá.

Èrò kan wà tó máa ń bí ẹni tó mọṣẹ́ yìí nínú. Àwọn kan gbà pé kí afinimọ̀nà to orúkọ ọba kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe jẹ tẹ̀lé ara wọn, ó parí. Onírárà ààfin lè ṣe ìyẹn, yóò sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ ni afinimọ̀nà fi jọ. Ẹran kọ́ ni ọdẹ ń wò nílẹ̀, ipasẹ̀ ni, ibi tí ilẹ̀ ti jìn nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Á wo bó ṣe jìn tó, á fi mọ bí ẹran náà ṣe tóbi tó. Á wo ìrì tó sẹ̀ sínú rẹ̀, á mọ̀ bóyá àná ni tàbí òwúrọ̀ yìí. Bí ipasẹ̀ méjì bá gun ara wọn, ti òkè ló dé kẹ́yìn. Ọdẹ tí kò bá sì fara balẹ̀, ewúrẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni yóò tọ̀ délé.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ipasẹ̀ gun ara wọn dáadáa. Ìtàn ààfin ní ọdẹ láti Bìnì ni Ògògà àkọ́kọ́, ìyẹn ọba Ìkẹ́rẹ́ (ẹ ò rí i pé a ò ṣi àfiwé lò). Ṣùgbọ́n ó bá Olúkẹ́rẹ́, olórí tó ti wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú, níbẹ̀, ó bá àpáta Olósunta pẹ̀lú ìbọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí ìrìn ti ìdí àpáta bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ààfin bẹ̀rẹ̀ ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ná. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń mẹ́nu ba àwọn ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣàkóso ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àti ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ jọba lé ẹlòmíì lórí níhìn-ín.

Ẹnu ọ̀nà ààfin wá ni ọkàn ìrìn náà. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà. Ní apá kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba, ń bọ̀, wọ́n rù ú, àwọn aláàárù rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọba kò dìde. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Kò padà wálé mọ́: British Museum ní Lọ́ńdọ̀n ló wà di òní. Wọn kò fi owó rà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀kùn tó sọ bí ìjọba náà ṣe wọlé, òun gan-an ni ìjọba náà gbé jáde.

Nítorí náà, afinimọ̀nà tó gbọ́n kì í tètè yọ fóònù. Á jẹ́ kí wọ́n dúró, kó fi ẹnu gbẹ́ ilẹ̀kùn náà fún wọn: ọba níhìn-ín, òyìnbó lọ́hùn-ún. Ojú wọn á máa wá a lára ògiri. Nígbà tí ẹnìkan bá wá béèrè pé ṣé inú ilé ni wọ́n gbé e pa mọ́ sí, ìgbà yẹn ni àwòrán tó ó jáde. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ fi àwòrán hàn, fóònù ni gbogbo wọn á máa wò, wọn ò ní wo ẹnu ọ̀nà mọ́.