Ìsopọ̀ igi fún ọrun

Ìsopọ̀ igi fún ọrun ni ọ̀nà tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọrun ń gbà mú igi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ di ọrun kan ṣoṣo tó ṣeé fà láìṣẹ́. Ọrun ìbílẹ̀ àwọn ọdẹ Ilé-Ifẹ̀ àti ti ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀ kì í ní ojú ìsopọ̀: ẹyọ igi kan ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń fá, tí wọ́n sì ń so ọsán mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìlù, ọpọ́n Ifá àti ère ìbejì. Ara ìtì kan ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbẹ́ wọn. Akatanpó nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọrun kékeré kan ni a fi dábùú igi ìdìmú rẹ̀.

Ìsopọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ àwọn káfíńtà tó ń kan àga àti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń mú ẹni tó ń ṣe ọrun yà sọ́dọ̀ wọn kò ju pé igi tó gùn tó ènìyàn, tó tọ́, tí kò sì ní kókó kankan, ṣòro láti rí. Ìdajì gígùn bẹ́ẹ̀ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ojú ìsopọ̀ ń wà

Nígbà tí tafàtafà bá fa ọsán, ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn ìhà tó kọjú sí ẹran, a máa nà. Inú rẹ̀, ìhà tó kọjú sí tafàtafà, a sì máa fún pọ̀. Apá ọrun méjèèjì ló ń ru ìyà yìí. Ibi ìdìmú ní àárín nípọn, kì í tẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ń fi ojú ìsopọ̀ sí. Bí a bá so igi pọ̀ ní agbedeméjì apá tó ń tẹ̀, yóò ṣẹ́, gọ́ọ̀mù yòówù kí a fi lẹ̀ ẹ́.

Igi méjèèjì yẹ kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: kí a là wọ́n lára ìtì kan, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà nínú igi náà. Bí ọ̀kan bá le ju èkejì, apá kan yóò máa tẹ̀ ju apá kejì lọ, fífá rẹ̀ títí wọn yóò fi dọ́gba á sì di làálàá.

Gígé àti lílẹ̀

Orí igi tí a kàn fi kan orí igi mìíràn kò lè dúró. Iṣan igi ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fa gọ́ọ̀mù mu. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ni gọ́ọ̀mù ti ń di igi mú dáadáa, nítorí náà ni a ṣe ń gé orí igi lọ́nà tó gùn, kí ẹ̀gbẹ́ tó ń kan ara wọn lè pọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni gígé onírù-ẹja. A ó fa ìlà bíi lẹ́tà V tàbí W sí ẹ̀yìn igi, kí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 10, ayùn yóò sì gba ojú ìlà náà já láti ẹ̀yìn dé inú. Igi kan á ní ẹnu, èkejì á ní ìka tó ń wọ ẹnu náà. W dára ju V lọ nítorí pé ojú tí gọ́ọ̀mù yóò dì mú pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ayùn kò tíì mọ́ lọ́wọ́.

Ojú méjèèjì kì í sábà bá ara wọn mu lẹ́sẹ̀ kan náà. Àwọn kan máa ń se orí igi náà nínú omi títí yóò fi rọ̀, wọn á ti ìka wọnú ẹnu, wọn á fún un mọ́ra, wọn á sì jẹ́ kí ó gbẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ojú kan ti gba àwòrán èkejì. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí gọ́ọ̀mù tó kàn án.

Bí gọ́ọ̀mù bá ti wà lójú igi, tí kò tíì gbẹ, a ó na okùn tín-ín-rín láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó apá kejì. Okùn náà gbọ́dọ̀ gba àárín gbùngbùn ìdìmú kọjá. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó tún un tò. Níbi tí kò bá sí irin tí káfíńtà fi ń há igi mọ́ra, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, irú èyí tó máa ń wà lọ́dọ̀ fọgánáísà, ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí a bá là á ní tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì fà á le bí a ṣe ń wé e. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, a ó fi òwú wé ojú ìsopọ̀ náà, a sì lè fi awọ bò ó.

Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà kò wọ́n, ṣùgbọ́n omi ń rọ̀ ọ́, ó sì ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan bá ń fà á fún ìgbà pípẹ́. Epoxy, tí a ń po láti inú ike méjì, lágbára jù ú lọ, ó sì ń dí àlàfo kéékèèké. Kò fẹ́ kí a há a mọ́ra jù, kí gbogbo rẹ̀ má baà tú jáde. Kí ìwọ̀nyí tó dé, awọ àti iṣan ẹran tí a sè títí tó fi ń lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìran ń lò ní gbígbóná, ní nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, kò sì bá Ilé-Ifẹ̀ mu, níbi tí òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Ìgbà ọyẹ́ ló dára fún gbígbẹ igi, àmọ́ a gbọ́dọ̀ kun orí igi tútù ní ọ̀dà kí ó má baà sán.

Ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

A tún lè lẹ igi mọ́ igi ní gígùn, látòkè délẹ̀. A máa ń la ọparun, a ó fá inú rẹ̀ di pẹlẹbẹ, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn igi líle. Èèpo rẹ̀ ni a kì í fọwọ́ kàn, nítorí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà: ọparun ń fara da nínà, igi líle ń fara da fífún.

Ní Tọ́kì, igi tó wà nínú ọrun wọn àtijọ́ jẹ́ ègé mélòó kan tí a fi gígé V so pọ̀, tí a wá lẹ ìwo mọ́ inú rẹ̀, tí a sì lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará Jàpáánì ń lẹ ọparun àti igi pọ̀ fún ọrun gígùn wọn. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló jọ tiwa: ọrun tó lé ní 130 tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ ojú omi Mary Rose, tó rì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde ní 1982, ẹyọ igi kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìbàjẹ́

Yorùbá ní bí ọsán bá já, ọrun a dọ̀pá. Bí ó bá já nígbà tí a fa ọrun dé góńgó, ọrun fúnra rẹ̀ lè fọ́, nítorí pé agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ á padà sínú igi. Àmì tó máa ń ṣáájú ni ìró tín-ín-rín láti ibi ìdìmú tàbí ìlà dúdú tó yọ lójú gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù tí a bá kàn ń ro sínú ìlà náà kì í pẹ́ tú. A máa ń gé ojú ìsopọ̀ náà kúrò, kí a tún un gé láti ìbẹ̀rẹ̀, ọrun náà á sì kúrú sí i.