Panther: Ṣáásì Kan, Ọkọ̀ Rẹpẹtẹ

Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ méjì wà lórí platform kan náà, abẹ́ wọn ni wọ́n ń sọ: ṣáásì, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí, síárìn, àti irin tó gbé táyà dúró. Bọ́dì, iná àti orúkọ tó wà lára búùtù lè yàtọ̀ pátápátá. Owó ni ìdí rẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣe abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan tó?

Ẹ jẹ́ ká wo Panther ti Ford. Ẹ ò ní rí orúkọ yẹn lára ọkọ̀ kankan o, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pè é. Lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo ọdún 1973, Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1975 pé kí ọkọ̀ dín epo mímu kù. General Motors ló kọ́kọ́ gé ọkọ̀ ńlá tiẹ̀ kúrú, ní 1977. Ní 1979 ni Ford gbé LTD àti Marquis ti Mercury, ọ̀kan lára orúkọ tí Ford fi ń ta ọkọ̀, sórí Panther. Lincoln, ọkọ̀ olówó ńlá ti Ford, bá wọn níbẹ̀ ní 1980. Láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, LTD jẹ́ íǹṣì 114.3, ti Lincoln sì tó 117.3. Íǹṣì mẹ́ta péré, àmọ́ ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn ló ń gbádùn rẹ̀.

Bọ́dì Panther dá dúró, orí ṣáásì ni wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é. Ohun tó gbé e dé ọwọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Crown Victoria, ọkọ̀ Ford tó wà lórí Panther, á gun etí títì, á fi imú gbá nǹkan, wọ́n á pààrọ̀ fẹ́ńdà, ó tún di ojú títì. Awakọ̀ takisí New York náà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe limousine á gé Lincoln Town Car láàárín, wọ́n á fi irin gùn ún. Nígbà tí General Motors pa Caprice, ọkọ̀ ńlá tiẹ̀ tí ọlọ́pàá náà ń lò, tì ní 1996, ọjà náà kù sí Ford lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Ẹ̀yìn irin táyà ẹ̀yìn ni táńkì epo wà. Tí ọkọ̀ mìíràn bá sáré gbá a láti ẹ̀yìn, ó lè gbiná. Ọlọ́pàá kú sí i, kí Ford tó fi ohun ìdáàbòbò kún un.

Ní 2003 wọ́n tún ṣáásì rẹ̀ ṣe, síárìn tuntun sì dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni èyí tó kẹ́yìn jáde ní St. Thomas, Ontario, ní Kánádà, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ara Taurus, ọkọ̀ Ford mìíràn, ni wọ́n ti yọ ọkọ̀ ọlọ́pàá tó rọ́pò rẹ̀: kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀, bọ́dì fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù.