Lílo lẹ́ńsì afọwọ́yí àtijọ́ lórí kámẹ́rà mirrorless

Lẹ́ńsì afọwọ́yí àtijọ́ ni lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà onífíìmù, tí ayafọ́tò máa ń fi ọwọ́ yí òrùka ara rẹ̀ kí àwòrán tó mọ́ kedere, tí kò sì ní mọ́tò tàbí wáyà iná kankan nínú. Kámẹ́rà mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà díjítà tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní dígí nínú, lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́ńsì wọ̀nyí bí òrùka irin kan tí à ń pè ní ádápítà bá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ádápítà tó wọ́pọ̀ jù kò ní gíláàsì kankan nínú. Òrùka ṣófo lásán ni, tí orí rẹ̀ bá lẹ́ńsì mu, tí ìdí rẹ̀ sì bá kámẹ́rà mu. Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju gígùn rẹ̀ lọ.

Àyè tí dígí fi sílẹ̀

Oríṣi kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n pàtó tó gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí ìdí lẹ́ńsì ti kan ara kámẹ́rà títí dé ojú fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà díjítà). Bí ìwọ̀n yìí bá fi díẹ̀ gùn jù, lẹ́ńsì náà kò ní lè mú ohun tó wà lókèèrè mọ́. Ohun tó sún mọ́ tòsí nìkan ni yóò máa mọ́ kedere. Nínú kámẹ́rà SLR ayé fíìmù, dígí kan dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ńsì láti gbé àwòrán lọ sí ojú ẹni tó ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ ráyè gbéra sókè nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Nítorí àyè tí dígí yìí ń gbà, ìwọ̀n náà ju mìlímítà 40 lọ nínú wọn: 46.5 ni ti Nikon F, 46 ni ti Olympus OM, 45.46 ni ti M42 àti Pentax K, 43.5 ni ti Minolta, 42 sì ni ti Canon FD.

Nígbà tí wọ́n yọ dígí kúrò, kò sídìí tí lẹ́ńsì fi ní láti jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ti Micro Four Thirds jẹ́ mìlímítà 19.25, Sony E jẹ́ 18, Fujifilm X jẹ́ 17.7, Canon RF àti L-mount (ti Leica, Panasonic àti Sigma) jẹ́ 20, Nikon Z sì jẹ́ 16. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n lẹ́ńsì àti ìwọ̀n kámẹ́rà ni ádápítà máa ń dí. Ìṣirò rẹ̀ kò le: yọ 18 kúrò nínú 45.46, ó ku 27.46, iye mìlímítà tí ádápítà M42 sí Sony E gbọ́dọ̀ gùn nìyẹn.

Ìtàn lẹ́ńsì Canon FD ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ní 1987, Canon pa FD tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ EOS tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44. Lẹ́ńsì FD ń fẹ́ 42. Kí a tilẹ̀ tó fi ádápítà kankan sí i, lẹ́ńsì náà ti jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ ní mìlímítà 2. Kò sí ọ̀nà àbáyọ àfi kí a fi gíláàsì kún ádápítà, gíláàsì yẹn sì sábà máa ń ba àwòrán jẹ́. Báyìí ni lẹ́ńsì tó dára gan-an ṣe di ohun ìpatì fún bí ogún ọdún, tí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀, láìṣe pé ó bàjẹ́. Lórí kámẹ́rà Sony E, mìlímítà 24 ni àyè tó ṣẹ́ kù fún ádápítà rẹ̀, ó sì pọ̀ tó.

Àwọn lẹ́ńsì Leica M (27.8) àti èyí oníṣíkúrúù M39 tó ṣáájú rẹ̀ (28.8) yàtọ̀ díẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe wọ́n fún kò ní dígí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìdí wọn sún mọ́ fíìmù. Kò sí SLR kan tó lè lò wọ́n fún ohun tó wà lókèèrè. Lórí mirrorless, òrùka tín-ín-rín tí kò tó mìlímítà 11 tó fún wọn lórí Sony E.

Bí ó ṣe gbòde

Kí mirrorless tó dé, àwọn ènìyàn kan ti ń fi lẹ́ńsì M42 sórí kámẹ́rà SLR díjítà ti Canon, nítorí ìyàtọ̀ mìlímítà 1.46 tó wà láàárín wọn tó fún òrùka pẹlẹbẹ kan. Ìṣòro wọn ni ojú ìwòran. Bí wọ́n bá ti pa ihò lẹ́ńsì (ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí a lè fẹ̀ tàbí fún) dé, inú ojú ìwòran náà a ṣókùnkùn, wọn a sì máa fojú wá ohun tí wọ́n fẹ́ yà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lálẹ́. Panasonic Lumix G1, kámẹ́rà Micro Four Thirds àkọ́kọ́, jáde ní 2008. Ojú ìwòran rẹ̀ jẹ́ síkírínì kékeré tó ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń rí hàn, tó lè fi ìmọ́lẹ̀ kún un, tó sì lè sọ apá kan àwòrán di ńlá. Lójú tèmi, síkírínì yìí ṣe pàtàkì fún lẹ́ńsì àtijọ́ tó àyè tí dígí fi sílẹ̀.

Sony NEX tẹ̀lé e ní 2010. Ní 2013 ni Sony gbé α7 jáde, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó férémù fíìmù (mìlímítà 24 sí 36), kí lẹ́ńsì àtijọ́ lè máa rí gbogbo ohun tó ń rí nígbà ayé fíìmù. α7 II ti 2014 fi ohun tó ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró sínú ara kámẹ́rà, kí lẹ́ńsì tó ti lé ní ogójì ọdún náà lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Nikon Z àti Canon EOS R dé ní 2018.

Ádápítà

M42 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣíkúrúù lásán ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 42, Ìlà-Oòrùn Jámánì ló sì ti wá ní ìparí àwọn ọdún 1940. Praktica lò ó, Asahi Pentax ti Japan lò ó, Zenit ti Soviet náà lò ó, nítorí náà ádápítà kan ṣoṣo ṣí ilẹ̀kùn sí lẹ́ńsì orílẹ̀-èdè mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn lẹ́ńsì M42 kan ní ọ̀pá kékeré lẹ́yìn tí kámẹ́rà àtijọ́ máa ń tì láti pa ihò dé. Bí lẹ́ńsì náà kò bá ní bọ́tìnì A/M (A: kámẹ́rà ló ń pa ihò dé, M: ọwọ́ la fi ń pa á), ádápítà gbọ́dọ̀ ní etí inú tí yóò máa ti ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ihò yóò wà ní ṣíṣí gbayawu títí láé. Ní ti Nikon, lẹ́ńsì oríṣi G kò ní òrùka ihò lára rárá, nítorí náà ádápítà rẹ̀ ní láti gbé òrùka tirẹ̀ wá.

Àwọn tó ń ṣe ádápítà sábà máa ń jẹ́ kó fi bíńtín kúrú ju ìṣirò lọ, kí lẹ́ńsì má baà kùnà láti dé òkèèrè. Ohun tí èyí ń fà ni pé àmì òkèèrè tó wà lára lẹ́ńsì kò ṣeé gbára lé mọ́: bí a bá yí òrùka títí tó fi dúró, a ti kọjá ibi tó yẹ. Lẹ́ńsì tó ń wo fífẹ̀ ni ó ń jìyà èyí jù, pàápàá àwọn tí gíláàsì inú wọn máa ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí a bá ń yí fókọ́ọ̀sì. Inú ádápítà olówó pọ́ọ́kú míì máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ta padà lára rẹ̀ títí àwòrán yóò fi ṣá. Àwọn kan máa ń lẹ aṣọ dúdú mọ́ ibẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Oríṣi mìíràn wà. Àwọn kan lè gùn sí i bí a bá yí wọn, kí lẹ́ńsì lè sún mọ́ ohun kékeré. Techart LM-EA7, tó wà fún lẹ́ńsì Leica M lórí Sony E, ní mọ́tò tó ń ti lẹ́ńsì náà lódindi síwá sẹ́yìn, kámẹ́rà á sì máa wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ fún lẹ́ńsì tí kò ní mọ́tò kankan.

Lílò rẹ̀

Ká mú Helios 44-2 (mìlímítà 58, f/2) lórí α7 wò. Mìlímítà 58 ni gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀: bí nọ́ńbà yìí bá ti ga tó ni ohun tí lẹ́ńsì ń rí ṣe há tó. f/2 ni ihò rẹ̀ nígbà tó bá ṣí tán: bí nọ́ńbà f bá ti kéré tó ni ihò ṣe fẹ̀ tó. Kámẹ́rà náà kò mọ̀ pé lẹ́ńsì kankan wà lórí òun, nítorí kò sí wáyà tó so wọ́n pọ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì láì kọ́kọ́ wọ mẹ́nù láti gbà á láyè kó yàwòrán láìsí lẹ́ńsì, ó lè kọ̀ jálẹ̀, ohun tó sì máa ń kó ìpayà bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí a yí kámẹ́rà sí A: àwa la óò máa yan ihò, òun ni yóò máa yan ìyára ṣọ́tà. Lórí α7 II àti àwọn tó tẹ̀lé e, a tún ní láti kọ 58 sínú mẹ́nù, kí ohun tó ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró lè mọ bí yóò ṣe sún sẹ́ńsọ̀ tó.

Òrùka ihò méjì ló wà lára Helios yìí. A fi èkíní sí f/4. Èkejì ni a fi ń ṣí ihò tàbí pa á dé láì wo nọ́ńbà. A ṣí i gbayawu sí f/2, a sọ ojú ẹni tí a fẹ́ yà di ńlá lórí síkírínì, a rọra yí òrùka fókọ́ọ̀sì títí ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò fi hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A wá yí òrùka èkejì padà títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀ ní f/4, a tẹ bọ́tìnì. Síkírínì kò ní ṣókùnkùn, torí kámẹ́rà ti fi ìmọ́lẹ̀ kún un.

Àwọn kámẹ́rà yìí tún lè fi àwọ̀ pupa, ìyeyè tàbí funfun kun etí ohunkóhun tó bá ti mọ́ kedere. Ó yá, ó sì dùn ún lò, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà gbọ́ pátápátá nígbà tí ihò bá ṣí gbayawu: àwọ̀ a bo imú àti etí pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹyinjú nìkan ló mọ́. Sísọ àwòrán di ńlá ló dájú jù. Àwòrán tó bá jáde kò ní gbé orúkọ lẹ́ńsì tàbí nọ́ńbà ihò dání, àfi kí ayafọ́tò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀

Sẹ́ńsọ̀ tó kéré ju férémù fíìmù lọ máa ń gé etí àwòrán lẹ́ńsì kúrò. Lórí APS-C (oríṣi sẹ́ńsọ̀ kékeré kan) ti Sony tàbí Fujifilm, lẹ́ńsì 58 a máa rí bí 87. Lórí Micro Four Thirds a máa rí bí 116. Fún àwòrán ojú ènìyàn, èyí kò burú. Ẹni tó bá ń wá fífẹ̀ ló pàdánù, torí 28 rẹ̀ ti di 42 lórí APS-C. Nítorí èyí ni Metabones fi gbé Speed Booster jáde ní 2013, ádápítà tó ní gíláàsì tó ń fún àwòrán pọ̀ sí ìlọ́po 0.71. Lẹ́ńsì 50 f/1.4 a di bí 35 f/1.0, nítorí ìmọ́lẹ̀ kan náà ti kó jọ sójú kékeré.

Àwọn lẹ́ńsì tó lórúkọ

Helios 44, tí wọ́n ṣe ní Krasnogorsk àti àwọn ilé iṣẹ́ Soviet mìíràn, jẹ́ àfarawé Biotar 58 f/2 ti Carl Zeiss Jena. Nígbà tí ewé igi bá wà lẹ́yìn ẹni tí a ń yà, ìmọ́lẹ̀ àárín àwọn ewé náà a dà bíi pé ó ń yí ẹni náà ká. Ohun tó fà á ni pé férémù lẹ́ńsì ń gé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, àmì róbótó a wá rí bí ojú ológbò ní etí àwòrán, gbogbo wọn a sì tò yí àárín ká. Àbùkù ni lójú àwọn tó ṣe é. Òun gan-an ni àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ rà á lónìí.

Trioplan 100 f/2.8 ti Meyer-Optik Görlitz máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn di bí ìfòfó ọṣẹ, tí etí kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju inú lọ. Super-Takumar 50 f/1.4 ti Asahi ní ẹ̀dà tí wọ́n fi tóríọ̀mù (èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde) sínú gíláàsì rẹ̀, kí ó lè tẹ ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Pẹ̀lú ọdún gíláàsì náà a pọ́n bí oyin. Oòrùn tàbí iná UV fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń mú un mọ́ gaara padà. Ìtànṣán inú rẹ̀ kéré fún ẹni tó ń fi í yàwòrán, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣe awò tí a ó máa gbé mọ́ ojú.

Àbùkù àti ewu

Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì àtijọ́ ní ìkunra kan ṣoṣo (èyí tó ń dín ìtapadà ìmọ́lẹ̀ kù) lójú gíláàsì wọn tàbí kí wọ́n má ní rárá, nítorí náà bí oòrùn bá kọjú sí wọn, àwòrán a ṣá, àmì ìmọ́lẹ̀ a sì hàn káàkiri. Lẹ́ńsì Leica M tó ń wo fífẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń ya gẹ̀rẹ̀ lu igun sẹ́ńsọ̀, gíláàsì tó bo sẹ́ńsọ̀ a sì da igun náà rú, nígbà míì pẹ̀lú àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Fíìmù kò ní irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lójú.

Bí a bá fẹ́ ra lẹ́ńsì, ká ṣí ihò rẹ̀ tán, ká tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn gba inú rẹ̀ kọjá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì a hàn bí okùn aláǹtakùn, kùrukùru a hàn bí èémí tó bo dígí, gíláàsì tí àtè rẹ̀ ti ń tú a ní àwọ̀ òṣùmàrè ní etí. Ká tún wo àwọn ewé ihò: bí òróró bá wà lára wọn, nínú lẹ́ńsì tí ihò rẹ̀ yẹ kó pa dé fúnra rẹ̀, wọ́n lè máa lọ́ra tàbí kí wọ́n lẹ̀.

Ewu tó le jù ni ti lẹ́ńsì tó yọ sẹ́yìn. Gíláàsì ìdí Jupiter-12 (35 f/2.8) gùn wọ inú kámẹ́rà gan-an, ó sì lè kan ohun tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ àwọn kámẹ́rà kan. Elmar àtijọ́ ti Leica àti Industar tó jọ ọ́ ṣeé tì wọ inú bí a kò bá lò wọ́n; lórí mirrorless, kí a fi wọ́n sílẹ̀ ní fífà jáde títí a ó fi yọ wọ́n. Lẹ́ńsì gígùn tó wúwo, ara lẹ́ńsì náà ni ká fi lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe kámẹ́rà, kí ádápítà má baà máa ru gbogbo ẹrù náà.