Ṣé ẹni tí ò mọ kóòdù kọ̀ǹpútà lè ṣe ọ̀gá àwọn tó mọ̀ ọ́n?

Ìròyìn kan ń ká WhatsApp kiri l'Adó, pé Google ṣèwádìí, wọ́n rí i pé ìmọ̀ iṣẹ́ ló kẹ́yìn nínú ohun tó ń sọ èèyàn di ọ̀gá gidi. Inú ń bí àwọn ọmọ tó ń kọ́ kóòdù, inú àwọn kan sì ń dùn (ẹ mọ àwọn wo). Ìbéèrè yín ti pọ̀, ẹ jẹ́ á tú u.

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ ni, àmọ́ ó ti gbó. 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yẹn, Project Oxygen ni wọ́n pè é. Bóyá ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Èkìtì.

Kí ni wọ́n rí gan-an?
Nǹkan mẹ́jọ. Àkọ́kọ́, kí ọ̀gá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà. Ìkejì, kó fọkàn tán wọn, kó má máa dúró lé wọn lórí. Ìmọ̀ iṣẹ́ ló ṣe ìkẹjọ.

Ìyẹn ni pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan lè wá jẹ ọ̀gá wa?
Rárá o, ibí lẹ ti ṣì í gbọ́. Àárín àwọn tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣèwádìí. Ẹ kó ogún ọmọ Èkìtì jọ kí ẹ ní kí wọ́n gúnyán, ṣé ẹ máa bi wọ́n pé ta ló mọ ọmọ odó mú ni? Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n mú, ẹni tí iyán ẹ̀ ò ní kókó tó sì tètè gbé e wá kó tó tutù lẹ máa wò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbé ẹni tí ò fọwọ́ kan odó rí wá pé kó máa darí wọn, kókó lẹ máa jẹ. Ìkẹjọ náà ṣì wà nínú mẹ́jọ: kó mọ iṣẹ́ débi tó fi lè gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ṣé a ò kàn lè yọ gbogbo ọ̀gá kúrò?
Google dán an wò ní 2002. Kò ju oṣù mélòó kan lọ, torí Larry Page, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Google sílẹ̀, fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ná àti ìjà ara wọn wá bá.

Kí ló burú nínú kí ọ̀gá máa jágbe?
Amy Edmondson, olùwádìí kan ní yunifásítì Harvard, wo àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, ó rò pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni àṣìṣe wọn máa kéré jù, ló bá rí i pé tiwọn ló pọ̀ jù nínú ìwé, torí ẹ̀rù ò bà wọ́n láti sọ ọ́. Èmi náà ti rí òdì kejì ẹ̀ ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ kan ṣèèṣì pa orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà rẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdè, ó mọ̀ pé ọ̀gá máa jágbe, ló bá dákẹ́, kó tó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, backup (ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú pa mọ́) ti gbé èyí tó ṣófo lé èyí tó dáa lórí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń tẹ orúkọ látinú ìwé rìsíìtì.

Ta ló wá yẹ ká bẹ̀rù?
Ọ̀gá tí kì í gbọ́ ti ẹni tó mọ̀. Ní January 1986, àwọn ẹnjiníà sọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé òtútù ti pọ̀ jù fún rọ́bà tó dí ojú ìsopọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí òfuurufú, àwọn ọ̀gá ní kó gbéra. Ó fọ́ lójú òfuurufú, èèyàn méje ló kú.

Mo ń wáṣẹ́, kí ni kí n bi wọ́n?
Bi wọ́n pé ìgbà wo lẹnì kan ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì ṣe fún un. Tí wọ́n bá ní kò sẹ́ni tó ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ rí, gbé báàgì ẹ.